Líìgì ti parí, kí la fẹ́ wò báyìí? Ìmọ̀ràn fún ọmọ bọ́ọ̀lù tó fẹ́ gbádùn kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún

Ọmọ Odò-Ọnà, Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Líìgì ti kádìí, Arsenal ti lọ sinmi, ó sì di àárín oṣù kẹjọ kí wọ́n tó tún fọn fèrè. Lọ́dún tí kò bá sí Ife Àgbáyé, Sátidé máa ń gùn jù fún mi. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ mi, ọmọ Jàmáíkà, ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Test, ìyẹn kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún tí orílẹ̀-èdè méjì ń gbá, ní pápá The Oval ní London, ó ní kí n bá òun lọ ní ọjọ́ kẹta. Mo fẹ́ lọ, mo sì fẹ́ gbádùn rẹ̀ dénú, kì í ṣe kí n kàn jókòó máa tẹ fóònù. Mo mọ̀ pé báàtì ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ pé aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí ojú èèyàn ń wò láti aago mọ́kànlá àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tó ti mọ̀ ọ́n, báwo lẹ ṣe wọ inú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé òfin dá mi lóhùn. Mo ti kà á, kò wọ̀ mí lára.

Bàbá Ewé, Kennington

Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ sí The Oval, ohun kan náà ni mo sì máa ń sọ fún gbogbo ọmọ bọ́ọ̀lù tó bá tẹ̀lé mi débẹ̀. Má wo ikọ̀ méjì. Èèyàn méjì ni kí o wò: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tó mú báàtì. Ìjà àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo eré náà. Àwọn tó kù tí wọ́n dúró káàkiri pápá, ibi tí balógun ikọ̀ bá fi wọ́n sí ló máa sọ ohun tó wà lọ́kàn ajubọ́ọ̀lù fún ọ.

Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú over kan. Mú over kan ṣoṣo kí o tẹ̀lé e láti orí bọ́ọ̀lù kìíní dé ìkẹfà, má sọ̀rọ̀, má wo ẹ̀gbẹ́. Ajubọ́ọ̀lù lè ju mẹ́rin àkọ́kọ́ kí wọ́n máa yà kúrò lọ́dọ̀ oníbáàtì, títí oníbáàtì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ tẹ̀lé wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa ṣí. Ìkarùn-ún á wá yà wọlé, á bá a lẹ́sẹ̀ níwájú igi mẹ́ta tó ń ṣọ́. Adájọ́ á na ìka sókè, ó di ilé. Ẹni tó wo ìkarùn-ún nìkan á ní bọ́ọ̀lù kan ló pa á. Ẹni tó wo mẹ́rin àkọ́kọ́ ti rí pàkúté yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń dẹ ẹ́.

Wo ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù náà nígbà tó bá ń padà lọ síbi tó ti máa sáré wá. Á máa fi bọ́ọ̀lù nu ṣòkòtò, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bọ́ọ̀lù náà ló sì ń nù. Ìyẹn ló fà á tí àbààwọ́n pupa fi máa ń wà lára ṣòkòtò funfun wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ń dán ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń jẹ́ kí èkejì gbó, kí bọ́ọ̀lù lè máa yà lójú afẹ́fẹ́. Láyé àtijọ́ itọ́ ni wọ́n fi ń dán an. Láti 2020 wọ́n ti fòfin dè é, òógùn ló kù tí wọ́n ń lò. Tí wọ́n bá ti ju 80 over, wọ́n lè gba bọ́ọ̀lù tuntun. Má jẹ́ kí ìgbà yẹn bá ọ níbi tí o ti tò fún ọtí. Bọ́ọ̀lù tuntun le, ó ń dán, ó ń yára, oníbáàtì tó ti jókòó dáadáa láti àárọ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ajíṣafẹ́, Birmingham

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ mo ní èrò tèmi. Ẹni tí kò mọ kíríkẹ́ẹ̀tì rárá, T20 ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Over 20 fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, bíi wákàtí mẹ́ta, ẹnì kan á borí, kálukú á lọ sílé rẹ̀. Tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka run, ìyẹn àmì tí oníbáàtì ń kó jọ tó bá sáré láti apá kan sí èkejì tàbí tó gbá bọ́ọ̀lù dé ààlà, tó ti mọ ìdí tí wọ́n fi lé èèyàn jáde, ìgbà náà ni kó wá bọ́ sí ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí mo mú lọ sí Edgbaston, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì wa níbí, ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé.

Màmá Ìbejì, Leeds

Ajíṣafẹ́ ọmọ mi, mi ò bá ọ lọ níbẹ̀ yẹn o. T20 dára, àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ bọ́ọ̀lù tó bá gba ibẹ̀ wọlé á máa retí kí bọ́ọ̀lù fò jáde kúrò ní pápá ní gbogbo ìgbà. Tó bá wá dé ibi Test, tó rí oníbáàtì tó gbé báàtì sókè tó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá lọ, á ní wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí igi mẹ́ta rẹ̀ wà láìwẹ̀yìn, kó sì pinnu kí ojú tó ṣẹ́. Ẹni tó bá ti mọyì ìyẹn ti gba Test dé ilé. Inú Test gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Odò-Ọnà, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o pín ọjọ́ yẹn sí mẹ́ta, torí bí àwọn fúnra wọn ṣe pín in nìyẹn. Apá kìíní, aago mọ́kànlá di aago kan. Wọ́n á lọ jẹun fún 40 ìṣẹ́jú. Apá kejì parí ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á lọ mu tíì. Apá kẹta bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ó parí ní aago mẹ́fà, tí 90 over tó yẹ kí wọ́n jù lójúmọ́ kò bá sì tíì pé, wọ́n lè fi ààbọ̀ wákàtí kún un. Wákàtí méjì méjì ni. Ìwọ tó lè jókòó wo Arsenal pẹ̀lú ìsinmi àárín eré àti àsìkò ìfikún, o lè wo apá kan láìṣípò padà. Nígbà tí apá kan bá parí, bi ara rẹ pé ta ló ni ín? Tí àwọn tó ń gbá a bá kó 120 run, tí ẹnì kan ṣoṣo jáde, àwọn ló ni ín. Tí mẹ́rin bá jáde fún 70, ti àwọn ajubọ́ọ̀lù ni. Bí a ṣe ń mọ ẹni tó ń rìn lọ síbi ìṣẹ́gun nìyẹn, kí ọjọ́ karùn-ún tó dé.

Kí o má sì tètè sọ pé ó ti parí. Ní oṣù kẹjọ 2019, níbí ní Headingley, Australia lé England jáde fún 67 nínú innings àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá a. Gbogbo ikọ̀, 67! Nígbà tó yá wọ́n ń lépa 359 kí wọ́n lè borí, ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo tó lè wọlé, run tó kù sì jẹ́ 73. Ẹni ìkẹyìn yẹn ni Jack Leach, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ju bọ́ọ̀lù, ó wọ gíláàsì ojú, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì náà láàárín bọ́ọ̀lù kan sí èkejì. Ben Stokes ń gbá a lọ sí ọ̀run, Leach ń dènà. Bọ́ọ̀lù 17 ni Leach kojú, run kan ṣoṣo ló gbà. Stokes kó 135, wọn ò rí i lé jáde, England sì borí pẹ̀lú wíkẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n lé jáde kí ikọ̀ wọn tó tán. Tí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò mi, run kan tí Leach gbà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín kí wọ́n tó dárúkọ 135.

Ṣọlá, Croydon

Ẹ kú àlàyé, màmá. Èmi kì í ráyè jókòó wò ó, rédíò ni mò ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sábà máa ń ṣe, tí mo bá jí lọ́sàn-án tí mò ń se oúnjẹ tàbí tí mò ń lọ aṣọ, Test Match Special ti BBC ló máa ń wà létí mi. Láti 1957 ni wọ́n ti ń sọ gbogbo bọ́ọ̀lù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wà lórí BBC Sounds. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò kánjú. Wọ́n á sọ ti ẹyẹlé tó bà sórí pápá, wọ́n á sọ ti àkàrà òyìnbó tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí wọn, bọ́ọ̀lù á sì dé, ohùn wọn á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wàá ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò kò lè máa fojú wá góòlù kiri. Àbúrò mi ní Peckham, tí o bá fẹ́ lọ sí The Oval, fi ọjọ́ kìíní àti ìkejì gbọ́ rédíò. Tó o bá fi máa dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, wàá ti mọ ẹni tó ń bínú sí ẹni, ẹni tí èjìká ń dùn, ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nínú ikọ̀ tí kò bá kó run.

Ọmọ Odò-Ọnà, Peckham

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Rédíò yẹn, mo ti wá a rí. Ìbéèrè méjì ló kù. Ìkíní: báwo ni mo ṣe máa ka pátákó èsì? Mo ń rí 245-6, mo ń rí orúkọ, ojú mi ń ṣú. Ìkejì, ẹ má bínú: ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n tún wá sọ pé ọ̀mì ni?

Olùkọ́ Àgbà, Ìbàdàn

Ọmọ mi, jẹ́ kí n gba ìbéèrè àkọ́kọ́. A gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Government College níbí nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí wọ́n ṣe ń gbá a ní King's College l'Ékòó. 245-6 túmọ̀ sí pé wọ́n ti kó 245 run, èèyàn mẹ́fà sì ti jáde. Tí mẹ́wàá bá jáde, innings yẹn parí, torí ìkọkànlá kò ní ẹni tó máa bá a sáré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá a. A ó ro ti méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, nǹkan méjì ni kí ojú rẹ máa bá lọ lórí pátákó yẹn: iye run tí wọ́n fi ju ara wọn lọ, àti iye àkókò tó kù. Ìgbà míì balógun ikọ̀ tó ń gbá a á dá innings tiwọn dúró fúnra rẹ̀, á ní èyí tí àwọn kó ti tó. Yóò kọ́kọ́ yà ọ́ lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ ni pé kò tó kéèyàn ní run tó pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lé èèyàn mẹ́wàá jáde kí ọjọ́ tó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò borí.

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n rí á tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ ayò á rò pé ọmọ ayò ni wọ́n kàn ń kó kiri. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti ń wo ilé tí ẹnìkejì ń tọ́jú jẹ́ẹ́, tí kò fọwọ́ kàn.

Kí o sì mọ̀ pé ilé baba rẹ lo ń lọ. Pápá The Oval yẹn ni wọ́n ti gba ìparí FA Cup àkọ́kọ́ ní 1872, lórí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì. Sheffield Wednesday, ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá ti bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1867. Ìwọ tó jẹ́ ti Arsenal, Denis Compton ni kí o lọ kà nípa rẹ̀. Ó ń gba bọ́ọ̀lù fún Arsenal nígbà òtútù, ó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Middlesex àti England nígbà ooru. Ní 1947 ó kó 3,816 run nínú sáà kan ṣoṣo, títí dòní kò sí ẹni tó tíì kó tó bẹ́ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba líìgì pẹ̀lú Arsenal, ó sì gba FA Cup ní 1950, òun àti Leslie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ikọ̀ kan náà. Leslie náà ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Middlesex.

Bàbá Ewé, Kennington

Ẹ ṣé, bàbá. Èmi á gba ti ọ̀mì. Àbúrò, ìwọ náà ti rí ikọ̀ rẹ tó lọ síta, tí rẹfirí lé ẹnì kan jáde ní ìṣẹ́jú ogún, tí wọ́n sì di òdo-sí-òdo mú dé òpin. Ṣé o sùn lọ́jọ́ yẹn? Ọ̀mì tó dára nínú Test, ìyẹn náà ni, àmọ́ ó lè gba odindi ọjọ́ kan àti ààbọ̀.

Old Trafford ti kíríkẹ́ẹ̀tì ní Manchester, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, oṣù keje 2025, nínú eré Test márùn-ún tí England àti India jọ gbá. England kó 669, wọ́n fi 311 ju India lọ. India wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ kẹrin. Over àkọ́kọ́ gan-an, Chris Woakes lé méjì jáde, wọn ò tíì kó run kan. Òdo, èèyàn méjì! Gbogbo ayé ní ó parí. KL Rahul àti Shubman Gill wá dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn yẹn ti jáde, Ravindra Jadeja àti Washington Sundar gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dènà, wọ́n dènà, títí tí Ben Stokes, balógun England, fi wá na ọwọ́ sí wọn pé ẹ jẹ́ ká gbà pé ọ̀mì ni. Wọ́n kọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì ti sún mọ́ 100, wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n sì kó o, àwọn méjèèjì. Over 143 ni India fi wà níbẹ̀. Tó o bá jókòó ti ọjọ́ karùn-ún yẹn, wàá rí i bí èjìká àwọn England ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wàá rí i bí wọ́n ṣe ń kó àwọn tó sún mọ́ báàtì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èèyàn mẹ́rin bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíkẹ́ẹ̀tì-kípà, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn igi, ìkọlù ni wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n bá tú ká lọ sí etí okùn ààlà, ìrètí ti ń dín kù.

Ohun tí mo kórìíra ni ọ̀mì tí òjò fà. Ìyẹn ò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Túndé Ọ̀fà, Woolwich

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Siraj, ajubọ́ọ̀lù India, torí òun ló sọ mí di ẹni tó ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì, èmi ọmọ Charlton.

Pápá Lord's ní London, ọjọ́ 14 oṣù keje 2025, ọjọ́ karùn-ún, nínú eré márùn-ún kan náà tí Bàbá Ewé sọ. India ń lépa 193. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo. Jadeja dúró lápá kan, Mohammed Siraj lápá kejì. Siraj kì í ṣe oníbáàtì, ajubọ́ọ̀lù ni, àmọ́ ó ti dènà títí, ó ti gba bọ́ọ̀lù lára, kò kúrò. Run 23 ló kù. Shoaib Bashir, tí ìka rẹ̀ ti ṣẹ́, ló ń jù ú. Siraj dènà bọ́ọ̀lù yẹn bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí, ó rọra ń yí lọ sẹ́yìn, kò ní agbára kankan nínú, ó kan igi, igi kékeré orí rẹ̀ ré bọ́. Ó parí. Ọkùnrin yẹn lóṣòó sílẹ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ wá sílẹ̀, àwọn England tó ṣẹ́gun rẹ̀ gan-an ló wá ń tù ú nínú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, The Oval. England ń lépa 374. Lọ́jọ́ kẹrin Harry Brook ṣì wà lórí 19 nígbà tó gbá ọ̀kan sókè, Siraj mú un létí pápá, àmọ́ bó ṣe fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ okùn ààlà. Dípò kí Brook jáde, wọ́n fún un ní run mẹ́fà, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù fò kọjá ààlà. Brook ò dúró, ó kó 111. Joe Root kó 105. Siraj bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dá eré dúró lọ́jọ́ yẹn, run 35 péré ló kù fún England.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ, mo wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn kún pápá fún eré tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ní pé wákàtí méjì. Siraj ju bọ́ọ̀lù láàárọ̀ yẹn bí ẹni tí kò sùn. Ó lé Jamie Smith jáde, ó lé Overton jáde. Prasidh Krishna lé Josh Tongue jáde. Ó ku 17, ni a bá rí Chris Woakes tó ń bọ̀ láti inú ilé. Èjìká rẹ̀ ti yẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ara lábẹ́ súwẹ́tà, ọwọ́ kan ló fi mú báàtì. Gbogbo pápá dìde fún un, àti ti India àti ti England. Nínú bọ́ọ̀lù, à bá ti pààrọ̀ rẹ̀. Nínú Test, àfi tí bọ́ọ̀lù bá bá èèyàn lórí kí wọ́n tó fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Bí Woakes ṣe ń sáré láti apá kan sí èkejì, ìrora yẹn hàn lójú rẹ̀ débi tí a jókòó sí. Gus Atkinson gbá ọ̀kan fún mẹ́fà, a fò sókè. Siraj padà wá. Bọ́ọ̀lù kan, gígùn, ó lọ tààrà sí ẹsẹ̀ igi. Igi fò. India fi run mẹ́fà borí, 2-2 ni wọ́n parí gbogbo rẹ̀ sí. Gbogbo eré márààrún ló dé ọjọ́ karùn-ún.

Ọmọ Odò-Ọnà, ẹnì kan ṣoṣo ni kí o yàn, kí o tẹ̀ lé e jálẹ̀ gbogbo eré márùn-ún. Má yan ìràwọ̀. Yan ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Àdùnní, Surulere

Ẹ kú ìjókòó o. Níbí SuperSport lórí DStv la ti ń rí i. Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe ti òyìnbó àti Íńdíà nìkan. Orílẹ̀-èdè méjìlá ló ń gbá Test, South Africa àti Zimbabwe ló sì wà níbẹ̀ fún Áfíríkà. Ní oṣù kẹfà 2025, South Africa lọ sí Lord's fún ìparí ìdíje Test àgbáyé, wọ́n bá Australia. Temba Bavuma ni balógun wọn, ọmọ Langa ní Cape Town, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa ṣe balógun ikọ̀ Test wọn. Wọ́n ń lépa 282, iṣan itan rẹ̀ fà, àmọ́ ó kọ̀ láti jókòó. Ó ń tiro sáré, ó kó 66, Aiden Markram kó 136, Kagiso Rabada ti lé èèyàn mẹ́sàn-án jáde kó tó di ìgbà yẹn. Láti 1998 ni South Africa ti ń wá irú ife bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jókòó sí Surulere, omi bọ́ lójú mi.

Nàìjíríà kò tíì dé ibi Test, àmọ́ ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin wa. Ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, ní Kuching ní Malaysia, nínú Ife Àgbáyé T20 ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin, wọ́n fi run méjì na New Zealand. Òjò ti gé eré náà sí over 13. A kó 65. Over ìkẹyìn, run mẹ́sàn-án ni New Zealand ń wá, Lillian Udeh jù ú, mẹ́fà péré ló fún wọn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní London, ètò ACE tí Ebony Rainford-Brent dá sílẹ̀ ní 2020 pẹ̀lú Surrey, ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì tí The Oval jẹ́ ilé rẹ̀, The Oval yẹn náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń kọ́. Ẹ mú wọn lọ.

Ajíṣafẹ́, Birmingham

Àǹtí Àdùnní, ẹ ṣé gan-an. Ìdíje yẹn tí ẹ sọ, T20 ni o! Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó ní ọmọ kékeré, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ti Siraj yẹn, mo gbà fún yín, T20 kò lè bí irú rẹ̀.

Màmá Ìbejì, Leeds

Ó dáa, a ti pàdé láàárín ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó yàtọ̀ sí pápá bọ́ọ̀lù: wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé. Èmi máa ń di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ, mọ́ínmọ́ín, dòdò, omi tó ti di yìnyín sínú kúlà. Àwọn tó jókòó tì wá máa ń bi wá kí ni òórùn yẹn, a máa ń bù fún wọn, àwọn ni wọ́n sì ṣàlàyé lbw, ìyẹn jíjáde torí pé bọ́ọ̀lù bá oníbáàtì lẹ́sẹ̀ níwájú igi, fún àwọn ọmọ mi dé ibi tó fi yé wọn. Ti ìgò àti ti ọtí, pápá kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ẹ wò ó lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó gbéra.

Ẹ mú fìlà àti ìpara oòrùn, ẹ má ní aláwọ̀ dúdú ni mí. Wákàtí méje ni. Ẹ mú súwẹ́tà náà, torí tí oòrùn bá kọjá sẹ́yìn ilé ìjókòó lẹ́yìn aago mẹ́rin, òtútù ilẹ̀ yìí á dé. Tí ẹ bá fẹ́ dìde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ dúró kí over parí. Oníbáàtì ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rìn lẹ́yìn ajubọ́ọ̀lù, á gbé ọwọ́ sókè, á dá gbogbo eré dúró, gbogbo ojú á sì wà lára yín.

Ọmọ Odò-Ọnà, Peckham

Mo dúpẹ́ gidigidi, màmá. Mọ́ínmọ́ín ti wọ inú ètò. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ewé, tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ṣé owó ti wọlé nìyẹn? Àti pé, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ti ń kà níbí, wọ́n fẹ́ wá, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kẹta sì ti tán.

Bàbá Ewé, Kennington

Tí òjò kò bá jẹ́ kí wọ́n ju ju over 15 lọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á dá owó padà, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ni wọ́n á sì dá a padà fún, torí náà sọ fún ọ̀gá rẹ kó má ju ìwé rẹ̀ nù.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, kí wọ́n máa ṣọ́ ọjọ́ karùn-ún. Owó rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ gan-an, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá eré á dé ibẹ̀. Kí wọ́n wo bí nǹkan ṣe rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin kí wọ́n tó sanwó. Tí ìyẹn náà bá sá mọ́ wọn lọ́wọ́, Surrey ń gbá County Championship, ìdíje láàárín àwọn ẹgbẹ́ abẹ́lé, lórí pápá kan náà, ọlọ́jọ́ mẹ́rin, owó rẹ̀ kéré sí ti Test púpọ̀, àyè sì pọ̀ débi pé wọ́n lè lọ jókòó tààrà sẹ́yìn ajubọ́ọ̀lù. Níbẹ̀ ni ojú ti ń rí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yà. Ẹ̀gbẹ́ kò dára fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo bọ́ọ̀lù ló jọ ara wọn.

Láti Peckham, bọ́ọ̀sì 36 ni kí o wọ̀, á já ọ sí ẹ̀bá Oval. Tètè wá o, torí wọ́n ń yẹ kúlà wò lẹ́nu géètì, ìlà sì máa ń gùn. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, kí o ti wà lórí ìjókòó. Over àkọ́kọ́ àárọ̀ ni mi ò fẹ́ kó fò ọ́.